Ayálégbé Ni Wá Lórí WhatsApp

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jìnnà sí yín. Inú àpò ẹ̀wù yín ni ó wà, tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí tí ẹ fi ń sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, lẹ́yìn tí a ti kírun Ìṣáì tán, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdáwọ́ dúró. Èmi ni alábòójútó gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí tí ọmọ wọn ń wá sí ilé-kéwú wa ní Lokongoma níbí, ní ìlú Lókójà. A kò ju ogójì lọ. Àwọn kan nínú wa wá láti Kàbà àti Yàgbà, àwọn mìíràn wá láti Ìlọrin àti Ọ̀fà, a sì fọ́n ká sí Phase 1 àti Phase 2. Orí gúrúùpù yìí ni a ti ń gbọ́ ọjọ́ tí kéwú yóò wọlé, ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, àti bóyá omi ti gba ojú ọ̀nà Ganaja. Ní alẹ́ yẹn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: kí ni kí àwọn ṣe sí ìwé àdéhùn tuntun tí WhatsApp gbé síwájú àwọn, tí ó ní kí àwọn gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn kò ní lè lò ó mọ́?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, oríṣiríṣi ìròyìn ti gbalẹ̀. Ọ̀kan ní ìjọba yóò máa ka ohun tí tọkọtaya bá ń bá ara wọn sọ. Òmíràn ní owó ni wọ́n fẹ́ máa gbà. Òmíràn tilẹ̀ kọ gbólóhùn gígùn kan sílẹ̀, ó ní kí á dà á kọ kí á fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn, pé ìyẹn ni yóò dá ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kọ́. Ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, tí mẹ́rin nínú ọmọ-ọmọ wọn wà ní ilé-kéwú wa, kúrò nínú gúrúùpù láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo lọ bá wọn nílé ní òwúrọ̀, wọ́n ní, "Ìyá Hàlímà, má bínú sí mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ àìsàn mi ni mo ti sọ fún ọmọ mi lórí nǹkan yẹn. N kò fẹ́ kí ẹni tí n kò mọ̀ gbọ́ ọ."

N kò bá wọn jiyàn. Wọ́n gbọ́ pé onílé fẹ́ wọ yàrá àwọn, wọn kò sì mọ ẹni tí onílé náà í ṣe. Èmi tí wọ́n ń pè ní olùkọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìgbà náà ni mo tó jókòó láti wádìí rẹ̀.

Ní ọdún 2009 ni Jan Koum àti Brian Acton dá WhatsApp sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lò ó tipẹ́ yóò rántí pé nígbà kan, wọ́n ní kí á máa san dọ́là kan lọ́dún lẹ́yìn tí a bá ti lò ó fún ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2016 ni wọ́n fi òpin sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 2014, Facebook ti kéde pé òun ra ilé-iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Ẹni tí ó bá kó irú owó bẹ́ẹ̀ lé ilé lórí, tí kò sì gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí ayálégbé bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí onílé yóò ti jèrè.

Ní oṣù Igbe ọdún 2016, wọ́n ṣe ohun rere kan fún wa. Wọ́n parí ètò tí ó ń ti ọ̀rọ̀ wa pa láti ọwọ́ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ títí dé ọwọ́ ẹni tí ó gbà á, bí ìgbà tí a fi lẹ́tà sínú àpótí tí ó jẹ́ pé àwọn méjì yẹn nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Ògún ọdún kan náà, wọ́n yí àdéhùn padà, wọ́n ní àwọn yóò máa fi nǹkan bíi nọ́ńbà fóònù wa han Facebook. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé irú ọgbọ̀n ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà? Èmi kò mọ̀.

Ìwé ti ọdún 2021 tí ó dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ kò ṣí àpótí lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ tí ìyá bá ọmọ rẹ̀ sọ ṣì wà ní títì. Ohun tí ìwé náà dá lé lórí jù ni ọ̀rọ̀ àwa àti àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń fi WhatsApp tajà, àti àwọn ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn àpòòwé, kí á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà wa, irú fóònù tí a ń lò, ìgbà tí a wọlé, àti ibi tí a ti wọlé. Ọjọ́ 8 oṣù Èrèlè ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún wa. Nígbà tí ariwo pọ̀ jákèjádò ayé, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ń kó lọ sórí Telegram àti Signal, wọ́n sún un sí ọjọ́ 15 oṣù Ẹ̀bìbí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ àìsàn Ìyá. Síbẹ̀ n kò lè sọ pé ẹ̀rù wọn jẹ́ ẹ̀rù òmùgọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Lokongoma yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò kọ́ ilé síbí. Iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò ni ó gbé wa wá, a sì háyà ibi tí a ń gbé. Onílé lè fi ọ̀dà tí a kò fẹ́ kun ilé. Ó lè gé igi máńgòrò tí a máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó lè ṣí fèrèsé sí ibi tí yóò ti máa rí àgbàlá wa. Ó sì lè ní kí á kó jáde. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ wa lórí WhatsApp, Facebook àti irú wọn ni pé ọ̀dà ni a máa ń bá onílé jà lé lórí, tí ó bá sì di ti fèrèsé, a ó kàn tẹ "mo gbà" láìkàwé.

Kí ni mo pè ní ọ̀dà? Ní oṣù Èrèlè ọdún 2017, WhatsApp yọ gbólóhùn kékeré tí a máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wa, wọ́n fi àwòrán tí ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24 rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti kọ àdúà síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta bínú gidigidi. Ariwo náà kò já sí asán, nítorí pé nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ilé-iṣẹ́ náà dá gbólóhùn yẹn padà. Lónìí, gbogbo wa ni a ń lo Status tí a bú nígbà náà, àwọn oníṣòwò ọjà wa ni wọ́n sì ń lò ó jù.

Ṣùgbọ́n kí á má fi ojú kékeré wo ọ̀dà bí ó bá jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà. Ọmọdé máa ń rí ibi tí wọ́n gbé bọ́tìnnì lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyá ẹni ọdún 70 tí ó fi oṣù méjì há ojú ọ̀nà sórí, pé "tẹ òkè, lẹ́yìn náà tẹ apá ọ̀tún", ti pàdánù gbogbo ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún 2024 tí ilé-iṣẹ́ náà ti mú Meta AI, ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè, wá sí ilẹ̀ wa, tí òbìrìkìtì kékeré kan sì wá yọjú sórí WhatsApp, mo ti gbọ́ tí bàbá kan ń bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ta ni ọmọ yìí tí ó ń fi èdè òyìnbó dá mi lóhùn? Ọmọ ta ni?" A rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Nínú ilé mìíràn, ohùn líle ni àgbàlagbà ń gbà, "Ṣebí mo ti kọ́ yín lánàá!" Àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kò ní béèrè mọ́. Yóò gbé fóònù sílẹ̀, yóò sì di ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn ilé mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e.

Ní ti igi máńgòrò, n kò gbàgbé ìbínú mi. Láti ọdún 2018 ni WhatsApp ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye ibi tí ènìyàn lè fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà kù. Nígbà tí ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, wọ́n fi í mọ sí ibi márùn-ún péré ní gbogbo ayé. Ní oṣù Igbe ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n ní iṣẹ́ tí ó bá ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kò gbọdọ̀ lọ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwa tí a máa ń fi wàásù ránṣẹ́ sí ogún gúrúùpù ní àárọ̀ Jímọ̀ ní wọ́n ń dí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lọ́nà ni. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo àwọn ohun tí mo ti fi ránṣẹ́ láàárín ọdún kan, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn, n kò mọ ẹni tí ó kọ wọ́n. Hádíìsì tí n kò rí nínú ìwé kankan wà níbẹ̀, egbòogi Kòrónà wà níbẹ̀. Ẹsẹ kẹfà nínú Súrátù Hújúrátì ti pa á láṣẹ fún wa pé kí á wádìí ìròyìn, èmi tí mo sì kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ Ìsìláàmù ni mo ń pín ohun tí n kò wádìí. Ejò wà lórí igi yẹn. N kò dárò rẹ̀ mọ́.

Fèrèsé ni ó wá kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò gbọ́ ni pé ẹjọ́ ìwé àdéhùn ọdún 2021 yẹn kò parí sí orí ariwo. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí a mọ̀ sí FCCPC, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2021. Oṣù 38 ni ìwádìí náà gbà. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ìyẹn orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Facebook ń jẹ́ láti ọdún 2021. Lára ẹ̀sùn tí àjọ náà kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé àǹfààní yíyàn tí wọ́n fún àwọn ará Yúróòpù, wọn kò fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù Igbe ọdún 2025, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ìtanràn náà. Ìròyìn sì jáde lẹ́yìn náà pé ilé-iṣẹ́ náà sọ nínú ìwé tí ó kọ sí ilé-ẹjọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun kó Facebook àti Instagram kúrò ní Nàìjíríà. Wọn kò dárúkọ WhatsApp nínú èyí.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń tà fún àwa àti ará Jámánì, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ará Jámánì yan bọ́tìnnì tí yóò wà lára tirẹ̀. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú kí mùsùlùmí fi sùúrù gba àyípadà. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí á máa pe àìbìkítà ní sùúrù. Ẹni tí ó bá ka ìwé àdéhùn, tí ó rí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, tí ó sì kọ̀wé sí àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ kò tí ì ṣe aláìnísùúrù.

Nígbà mìíràn sì rèé, kì í ṣe onílé ni ó ti ilẹ̀kùn. Ìjọba Nàìjíríà ni ó dá Twitter dúró nínú oṣù Okúdu ọdún 2021, oṣù méje sì kọjá kí wọ́n tó ṣí i ní ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí wọ́n ṣe kò bá òfin mu. Ṣùgbọ́n oṣù méje ni oṣù méje, ọ̀dọ́ tí ń fi ibẹ̀ wá oníbàárà kò lè fi ìdájọ́ yẹn ra oúnjẹ tí kò jẹ. Kò sì pẹ́ tí onílé tuntun fi pa orúkọ ilé náà dà sí X ní ọdún 2023.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé kó-jáde, nítorí òun gan-an ni ó mú kí n kọ àròkọ yìí. N kò ní dárúkọ ibi ìtàkùrọ̀sọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó gbajúmọ̀ nígbà náà, àwọn tí wọ́n ni ín sì ti ránṣẹ́ sí wa ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú pé àwọn fẹ́ pa á rẹ́. Ẹ̀bi tiwa ni.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníṣu, máa ń ra iṣu ní agbègbè Kàbà wá tà ní Lókójà. Ojú wọn kò ríran kọ̀wé mọ́. Nítorí náà, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gba ohùn ara wọn sílẹ̀ sórí gúrúùpù ẹbí wa: "Ẹni báyìí jẹ mí ní iye báyìí. Mo jẹ ẹni báyìí ní iye báyìí." Ẹsẹ tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrátùl Bákárà, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ó pàṣẹ akọ̀wé olódodo, ó pàṣẹ ẹlẹ́rìí, ó sì ní ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ ni kí ó pe ọ̀rọ̀ náà fún akọ̀wé. Bàbá Oníṣu pè é. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí ni a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sára ògiri ilé onílé.

Nígbà tí ìkìlọ̀ yẹn dé, gbogbo wa ni a kà á. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé èmi yóò kó àwọn ohùn náà pamọ́ nítorí pé èmi ni olùkọ́. Èmi rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò ṣe é nítorí pé òun ni ó mọ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ pé, ibẹ̀ sì tì. A sọ fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú, àwọn yóò tún un sọ. Wọn kò rí i sọ. Oṣù kejì ni wọ́n jáde láyé, kí Ọlọ́hun fi orí jì wọ́n.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í pín ogún òkú kí a tó san gbèsè rẹ̀. A jókòó, a rántí ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n sọ pé àwọn jẹ. Àgbẹ̀ kan wà ní Kàbà, a mọ̀ ọ́n, a sì san tirẹ̀. Awakọ̀ kan wà, a san tirẹ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ obìnrin kan ní ọjà Kpata. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹgbẹ̀rún 45 náírà ni òun gbọ́, àbúrò mi obìnrin ní ẹgbẹ̀rún 60 ni. Kò sí ẹni tí ó rántí orúkọ obìnrin náà. Ohùn tí ó sọ orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́.

Láti ìgbà náà ni ilé wa ti yí ìṣe rẹ̀ padà. A ní ìwé akọsílẹ̀ kan tí èèpo rẹ̀ le, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ó wà. Ẹni tí ó bá gba ìròyìn gbèsè, ilẹ̀, tàbí ohun ìpamọ́ lórí fóònù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ kí oṣù tó parí, kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ kí ó sọnù lórí WhatsApp, a ń kó wọn jáde. Ẹ tẹ orúkọ gúrúùpù yín, ẹ wá ibi tí a kọ "Export chat" sí, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, kí ẹ sì tẹ èyí tí ó ṣe pàtàkì sórí ìwé. Ní ilé-kéwú wa, nọ́ńbà fóònù gbogbo òbí wà lórí bébà kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Ìyá tí wọ́n bínú kúrò ní ọdún 2021 kò padà sínú gúrúùpù títí di òní, n kò sì rọ̀ wọ́n mọ́. Nítorí tiwọn ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkéde sórí pátákó ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé bàbá méjì wà láàárín wa tí fóònù wọn kò lè lo WhatsApp láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń tijú láti sọ.

Ní ti obìnrin ọjà Kpata, a kéde ní mọ́sáláṣí fún Jímọ̀ mẹ́ta, a sì wá a káàkiri ìsọ̀ àwọn oníṣu. Àáfà wa sọ pé bí a bá wá a títí tí a kò rí i, a lè fi owó náà ṣe sàárà lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ṣì dúró díẹ̀ sí i. Ẹgbẹ̀rún 60 náírà ni a fi sínú àpòòwé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú iye méjèèjì, a sì kọ "Ìyá ti Kpata" sí i lẹ́yìn. Ní Iléyá tí ó kọjá, a tún rán ọmọ Bàbá Oníṣu lọ sí ọjà náà. Ó rí obìnrin mẹ́ta tí wọ́n rántí bàbá rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ṣàdúà fún wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó sọ pé òun ni wọ́n jẹ lówó.